Pọ́ǹpù Lọ́ńdọ̀nù tí Àlàájì Rùfáì Fi Ń Yangàn

Ìtàn tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó mọ̀ jù nípa Àlàájì Rùfáì ni ti ọjọ́ tó gbé bátìrì mọ́tò lé òṣùwọ̀n kòkó. Nathaniel tó ń ta sípíà-páàtì l'Ókè-Àgbò ló gbé bátìrì méjì síwájú ẹ̀. Ó ní ọ̀kan, ilẹ̀ òyìnbó ló ti wá tààrà, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ó ní èkejì, ilé níbí ni wọ́n ti ṣe é, ìdí nìyẹn tí kò fi wọ́n. Àlàájì gbóòórùn méjèèjì. Ó fi ìka kàn wọ́n kó-kó-kó bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ó gbé etí lé ọ̀kan, ó dijú, ó ní kí ọlọ́kadà tó ń kọjá lọ pa ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kóun lè gbọ́ràn. Ọlọ́kadà náà sì pa á.

"Nathaniel, bátìrì tó bá jẹ́ ojúlówó máa ń wúwo," Àlàájì ló wí bẹ́ẹ̀. "Jẹ́ ká lọ wọ̀n wọ́n."

"Àlàájì, mi ò ní òṣùwọ̀n níbí."

"Mo mọ̀. Kí lo fẹ́ fi ṣe, ìwọ tó o ti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀?"

Wọ́n sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Ọládàpọ̀ tó ń ra kòkó. Àwọn àgbẹ̀ bíi mẹ́jọ tò síbẹ̀ pẹ̀lú àpò kòkó wọn. Àlàájì ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Wọ́n gbé bátìrì òyìnbó lé òṣùwọ̀n, abẹ́rẹ́ lọ síwájú, ó dúró. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n gbé ti ilé lé e, abẹ́rẹ́ tún lọ, ojú ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀ náà ló dúró sí. Nathaniel ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dúró kí Àlàájì túúbá. Àlàájì wo abẹ́rẹ́, ó wo bátìrì, ó wá wo Ọládàpọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Òṣùwọ̀n yìí," ló wí, "ayédèrú ni."

Àṣé ọdún kẹta rèé tí àwọn àgbẹ̀ yẹn ti ń rò ó nínú ara wọn. Ariwo sọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni Ọládàpọ̀ ò fi ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìgbà tó sì máa ṣí i, òṣùwọ̀n tuntun ló gbé wá.

Bí Àlàájì ṣe rí nìyẹn. Awakọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, Japara nilé ẹ̀ wà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn ẹ̀ sì máa ń gba imú jáde. Ó ní irùngbọ̀n funfun kan tó máa ń fà bó bá ti ń fura, nítorí náà ọwọ́ ẹ̀ kì í kúrò nírùngbọ̀n. Gbólóhùn kan ló ní fún gbogbo nǹkan láyé: "Nǹkan ń bẹ ńbẹ̀." Tí epo bá wọ́n, nǹkan ń bẹ ńbẹ̀. Tí epo bá wálẹ̀, nǹkan ń bẹ ńbẹ̀ gan-an. Omi inú ọ̀rá, á dojú ẹ̀ dé, á fún un, á sì kọ́kọ́ da díẹ̀ sílẹ̀ fún adìẹ kóun tó mu ún. Bó o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ gbójú sókè wo oòrùn kó tó dá ẹ lóhùn.

Nathaniel gan-an, ọmọ Íbò tí wọ́n bí sí Àtìkórí ni, ó ń sọ Ìjẹ̀bú ju àwọn ọmọ ilé ìwé Àgọ́-Ìwòyè lọ. Ìyẹn náà ò tẹ́ Àlàájì lọ́rùn. Ó ní ẹni tó bá kọ́ èdè oníbàárà dé ibi tó lè fi tọrọ gáfárà báyìí, ó ti ń múra ohun kan sílẹ̀ ni.

Ohun kan ṣoṣo tí Àlàájì ò fura sí láyé ni Píjò ẹ̀. Ọjọ́ tí ìjọba ń lu àwọn mọ́tò àtijọ́ ní gbàǹjo ló rà á, Píjò aláwọ̀ mílíìkì, èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ wà fún ọdún mọ́kànlá. Kò sí ẹ̀yà kan nínú mọ́tò yẹn tí kò ti fi ìṣó ya kẹ́tùrù àlùwàlá kékeré sí lára. Púlọ́ọ̀gì ní kẹ́tùrù. Rédíétọ̀ ní kẹ́tùrù. Ó ní àwọn mẹkáníìkì máa ń yọ ojúlówó, wọ́n á fi ayédèrú sí i, ìgbà téèyàn bá tiẹ̀ ń yán lásán ni wọ́n máa ń ṣe é. Kẹ́tùrù yẹn ni àmì pé òun ti yẹ nǹkan náà wò, òun ti gbà á, tòun ni.

Gbénró, mẹkáníìkì ẹ̀, ló jìyà ẹ̀ jù. Bí wọ́n bá ń tún Píjò ṣe, Àlàájì á gbé àga síwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ní kúrò níbẹ̀. Bí àkókò ìrun bá tó, á tẹ́ ẹní síbẹ̀ náà, á sì ní kí Gbénró wá jókòó síwájú òun, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orókún kóun lè máa rí i. Gbénró, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ti jókòó ti ìrun Àsárì tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá gbọ́ pé wọ́n pe ìrun níbikíbi, ọwọ́ ẹ̀ á kàn lọ sórí orókún fúnra ẹ̀.

Báyìí, Muslimah ni ọmọ Àlàájì tó kéré jù. Ìyá ẹ̀ kú nígbà tó wà ní kíláàsì kejì, Àlàájì ló ń fi Píjò gbé e lọ gbé e bọ̀ nílé ìwé, ó sì ń ki orí bọ fèrèsé kíláàsì láti wò ó bóyá tíṣà tó wà níbẹ̀ náà ni tíṣà gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Muslimah ṣe Jáàǹbù tí kò wọlé. Lọ́jọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó jókòó sẹ́yìn Píjò, ó ń sunkún, kò sọ̀ kalẹ̀. Àlàájì yí orí sẹ́yìn, ó ní, "Wá, wàá wọlé. Wàá sì jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí, mọ́tò yìí ni màá fi gbé ẹ wọ géètì wọn. Èmi ni màá wà á. Mi ò ní jẹ́ kí ọkadà gbé ẹ débẹ̀, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnì kankan bá wa tì í."

Ó wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọdún pé, ó ṣe tán. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè ni Píjò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún omi lábẹ́. Gbénró wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, ó jáde.

"Àlàájì, wọ́tà-pọ́ǹpù ló lọ. Tí ẹ bá wà á dé Òrù báyìí, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á dákú."

"Ta ló sọ fún ẹ pé Òrù ni mò ń lọ?"

"Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe, Àlàájì."

"Ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Nínú gbogbo ìlú tó wà láyé, Òrù ló rí." Ó fa irùngbọ̀n. "Yọ pọ́ǹpù náà kí n rí i."

Gbénró yọ ọ́. Kẹ́tùrù wà lára ẹ̀. Àlàájì yí i, ó ń dún wìrì-wìrì. Ó gbà pé pọ́ǹpù náà ti lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun ò gbà pé ó dá lọ.

Ló bá di pé kí wọ́n ra pọ́ǹpù. Nathaniel ní i. Ó gbé páálí aláwọ̀ búlúù kan jáde, wọ́n ya ẹyẹ kan tó na apá sí i lára. "Àlàájì, ojoojúmọ́ ni mò ń ta eléyìí fún àwọn onípíjò. Ẹnì kankan ò dá a padà rí."

"Kí nìdí tí wọn ò fi dá a padà?"

"Nítorí pé ó dáa ni."

"Tàbí nítorí pé mọ́tò náà ò lè gbé wọn padà wá síbí mọ́."

Àlàájì ò rà á. Ó gbọ́ pé Píjò kan ti kú s'Íbíadé l'Ógùn Wọ́tásáìdì, pé gbogbo ẹ̀yà ẹ̀ ṣì jẹ́ ti òyìnbó tó ṣe é. Ó wọ mọ́tò èrò lọ síbẹ̀. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, adìẹ kan ti sàba lórí ẹ́ńjìnnì, ó ń wo gbogbo wọn bí ẹni pé ó ti san owó ilé. Ẹni tó ni mọ́tò ní kí Àlàájì fún òun ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí adìẹ pamọ ná. Àlàájì ní kí wọ́n gbé adìẹ náà sókè kóun ka ẹyin. Ó ka mẹ́jọ. Ó tún un kà. Ó délé, ó ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ò yé òun: mọ́tò tó ní ó ti tutù láti bí ọdún méje ni adìẹ ti rí ibi tó móoru sàba sí.

Ọ̀sẹ̀ kan ti lọ báyìí. Muslimah ní, "Bàbá, a lè wọ kẹ̀kẹ́. Kò jìnnà." Àlàájì wò ó bí ẹni tó bú ìyá ẹ̀. Ó dìde, ó lọ pe Farouk.

Farouk ni àkọ́bí ẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló wà láti ọdún mẹ́rin. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbì kan, ó tún ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí níbòmíì. Ohùn ẹ̀ ti yí padà. Bó bá pe "Bàbá" báyìí, ńṣe ló dà bí ẹni tí ìrẹsì gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé òun máa ra ojúlówó lórí fóònù, òun á fi ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ṣùgbọ́n, Bàbá, ẹni tó ń tà á ń béèrè nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ bá mi kà á."

"Kí ló fẹ́ fi nọ́ńbà mi ṣe?"

"Kó lè mọ èyí tó máa bá a mu ni. Oríṣiríṣi ni Píjò yẹn."

"Ó mọ̀ mí rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Èmi mọ̀ ọ́n rí?"

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Orí fóònù ló ti ń tajà."

"Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ń béèrè nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì mi. Farouk, nǹkan ń bẹ ńbẹ̀. Ọjọ́ tí nọ́ńbà yẹn bá dé Lọ́ńdọ̀nù, mọ́tò mi náà ti wà lọ́nà nìyẹn."

"Báwo ni wọ́n ṣe máa fi nọ́ńbà gbé mọ́tò, Bàbá?"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń fi nọ́ńbà kó owó àwọn èèyàn ní báńkì?"

Farouk ní kò burú, òun á fi orúkọ mọ́tò àti ọdún tí wọ́n ṣe é rà á. Àlàájì ní ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kó má sọ ọdún náà pé pérépéré.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gùn. Àràárọ̀ ni Àlàájì ń fọ Píjò tí kò rìn, ó ń nu gíláàsì, ó ń tẹ hóònù lẹ́ẹ̀kan kó má baà gbàgbé bó ṣe ń dún. Bó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Nathaniel, á na ọwọ́ sí ojú ọ̀run. "Ó ti wà nínú bàálù o, Nathaniel. Ti àwọn tó ṣe é ni mò ń dúró dè. Ìwọ máa ta ẹyẹ ẹ."

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n ṣe ayẹyẹ ni ẹrù náà dé. Ọjọ́bọ̀ ni. Àlàájì ránṣẹ́ pe Nathaniel sílé, ó ní kó wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní ojúlówó kó lè mọ̀ ọ́n lójú. Ó pe Gbénró náà. Muslimah fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá àkọ́kọ́, ó ya ìkejì, ó tú ìwé ìròyìn òyìnbó tí wọ́n fi wé e. Páálí aláwọ̀ búlúù ló yọ. Ẹyẹ kan wà lára ẹ̀, ó na apá.

Nathaniel gbé orí sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì.

"Àlàájì, ẹyẹ yìí ló wà lára tèmi."

"Wò ó dáadáa," Àlàájì dáhùn. "Ti Lọ́ńdọ̀nù yìí gbórí sókè, ó ti jẹun. Tìẹ ń wolẹ̀. Ojú ń tì í."

Nathaniel sáré lọ gbé tiẹ̀ wá. Wọ́n gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Muslimah bẹ̀rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. "Bàbá, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ìlú kan náà. Páálí wọn ò yàtọ̀."

Àlàájì fa irùngbọ̀n títí ó fi kù díẹ̀ kí ó fà á tu. "Nathaniel. Ìgbà wo lo dé Lọ́ńdọ̀nù?"

"Mi ò dé Lọ́ńdọ̀nù rí, Àlàájì."

"Ta wá lo rán?"

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n gbé pọ́ǹpù lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì Gbénró. Àwọn èèyàn pé síbẹ̀ láti wò ó. Gbénró wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pẹ́ díẹ̀, ó yọjú, ó sọ ohun kan sí Àlàájì létí. Àlàájì dúró bí òpó iná. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn èrò, ó ní kí gbogbo wọn máa lọ, pé ojú ti pọ̀ jù lára ẹ́ńjìnnì, òun ò fẹ́ kí ojú ṣe nǹkan òun. Ó ká pọ́ǹpù náà sí abẹ́ agbádá, ó ní òun ń lọ kírun Jímọ̀, òun ò lè fi í sílẹ̀ ti Gbénró. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Nígbà tó fi máa di Àsárì, Píjò ti ń dún, kò sì sí ẹ̀kán omi kan nílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀.

"Ti Lọ́ńdọ̀nù," Àlàájì ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Ti ilé ì bá ti máa wúkọ́."

Ọjọ́ ayẹyẹ náà, Muslimah jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà onígun mẹ́rin. Àlàájì ò jẹ́ kó jókòó síwájú, ó ní ọ̀gá kì í jókòó ti awakọ̀. Wọ́n gba Òrù kọjá. Píjò ò dákú. Níbi géètì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè, gáàdì kan dá wọn dúró, ọkùnrin kúkúrú tí ojú ẹ̀ le. Ó wo ìwé mọ́tò, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó yí i padà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó. Ó kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó-kó-kó, ó gbé etí sí i. Inú Àlàájì ń dùn bí ẹni tó pàdé àbúrò ẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè.

"O rí i," ló sọ fún Muslimah, "ẹni tó mọṣẹ́ nìyẹn."

Ṣùgbọ́n nígbà tí gáàdì ní kó ṣí búùtù, Àlàájì ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Gáàdì wò ó. Àlàájì náà wò ó. Ogun ojú yẹn ò kéré. Gáàdì ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú, ó gbé irin géètì sókè, Píjò aláwọ̀ mílíìkì sì wọlé pẹ̀lú hóònù láti géètì títí dé abẹ́ igi tí wọ́n ti ní kí wọ́n páàkì. Muslimah ń sunkún nínú ẹ̀yìn mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àlàájì ní kó má fi omi ba fìlà náà jẹ́, pé wọn ò sọ irú aṣọ tó jẹ́ fáwọn.

Fún ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Nathaniel ò sinmi. Bí Àlàájì bá ti dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, á rọra, á fun hóònù lẹ́ẹ̀mejì, á yọ orí jáde. "Nathaniel, ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń ṣiṣẹ́ o."

Nathaniel á dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù, "Ẹ máa lọ, Àlàájì. Ó máa dákú l'Órù."

Á tún pe Farouk lójú gbogbo èèyàn, á gbé fóònù sí ibi tí ohùn á ti jáde síta. "Farouk, ẹ́ńjìnnì ò gbóná rárá. Gbogbo ìlú ló ń béèrè ẹ. Má wulẹ̀ ra nǹkan kan mọ́, lọ sùn." Farouk á rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ìrẹsì gbígbóná yẹn á kúrò lẹ́nu ẹ̀ díẹ̀.

Àlàájì kú ní ìgbà òjò tó kọjá. Àìsàn náà ò pẹ́. Nọ́ọ̀sì gbé oògùn wá, Àlàájì ní kí wọ́n gbọn ìgò náà kóun gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, ó gbọ́ ọ, ó ní, "Hẹ̀n-ẹ́n," ó gbé e mì. Muslimah ní ìgbà yẹn lẹ̀rù ti ba òun, nítorí pé kò ní kí wọ́n tún un gbọ̀n.

Farouk wá sílé fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí àwọn àlejò ń túká, ó mú díẹ̀ nínú wọn lọ sídìí Píjò, ó ní kí wọ́n wá wo pọ́ǹpù tí òun fi ránṣẹ́. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbénró tó wà nítòsí rántí lójijì pé òun gbé nǹkan kan sórí iná ní ṣẹ́ẹ̀dì, ló bá lọ. Kẹ́tùrù wà lára pọ́ǹpù náà, ó ń dán. Farouk fi ìka kàn án, ojú ẹ̀ pọ́n.

Muslimah rí kọ́kọ́rọ́ búùtù lára tẹ̀sùbáà bàbá wọn, òwú ni wọ́n fi so ó mọ́ ọn. Kọ́kọ́rọ́ ò bàjẹ́. Ó ṣí búùtù. Lábẹ́ táyà, ohun kan wà nínú jalámíà àtijọ́ kan tí wọ́n ká dáadáa. Wọ́n tú u. Páálí ẹyẹ ni. Pọ́ǹpù kan wà nínú ẹ̀, omi ò kàn án rí. Kẹ́tùrù kékeré wà lára tìyẹn náà.

Farouk wo pọ́ǹpù ọwọ́ ẹ̀, ó wo ti inú ẹ́ńjìnnì. Ó gbé e, ó fẹsẹ̀ rìn dé Òkè-Àgbò. Muslimah tẹ̀ lé e.

Nathaniel rí ohun tó gbé dání, ó gbé àga fún un. "Jókòó, Farouk. Bàbá ẹ ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nígbà tóun wà láyé. Kò sọ ti ẹ̀yìn ìgbà yẹn."

"Ẹ sọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá Nathaniel."

"Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ó fa fìlà bojú, mo rò pé olè ni. Ó gbé pọ́ǹpù yìí lé káńtà. Ó ní ti ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni, tòun sì jẹ́ ti pẹtiróòlù, kò wọlé. Ó ní ẹ̀bi ẹ kọ́, òun lòun ò jẹ́ kó o mọ nọ́ńbà. Ó wá ní, 'Iṣẹ́ méjì lọmọ yẹn ń ṣe. Tó bá gbọ́ pé kò wọlé, á tún ra òmíràn, á sọ ọ́ di iṣẹ́ mẹ́ta. Nathaniel, fún mi ní tìẹ, kí Muslimah lè dé géètì. Tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, èmi pẹ̀lú ẹ ni.'"

Farouk gbé pọ́ǹpù náà lé orókún. "Ó ná an?"

"Kò ná an. Iye tí mo pè ló san. Ẹ̀rù bà mí, mo bi í bóyá ara ẹ̀ ò yá."

"Kò gbóòórùn ẹ̀?"

"Ó gbóòórùn ẹ̀ ṣá."

Muslimah ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, omijé wà lójú ẹ̀. "Ẹ̀yin náà wá ń gba gbogbo èébú yẹn fún ọdún méjì, Bọ̀ọ̀dá Nathaniel?"

"Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní, 'Màá máa bú ẹ lójú títì kí wọ́n má baà fura. Má dákẹ́ o, wọ́n á mọ̀.' Ó wá ń fi obì ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo Sátidé." Nathaniel fa àpótí kan yọ, ó fi obì kan tó ti gbẹ hàn wọ́n. Eyín ti gé díẹ̀ jẹ lára ẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ ló rí báyìí. Ó máa ń tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ná kó tó fún mi. Ó ní àwọn olóbì ìlú yìí, nǹkan ń bẹ lọ́dọ̀ wọn."

Farouk gbé pọ́ǹpù padà sílé. Kò gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó ká a sínú jalámíà yẹn bó ṣe bá a, ó dá a padà sábẹ́ táyà, ó ti búùtù.

Muslimah ló ń wa Píjò náà báyìí, Òrù ló ti ń ṣiṣẹ́. Láràárọ̀, bó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Nathaniel, á rọra, á fun hóònù lẹ́ẹ̀mejì, á yọ orí jáde.

"Bọ̀ọ̀dá Nathaniel, ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń ṣiṣẹ́ o."

Nathaniel á gbé orí sókè láàárín àwọn páálí ẹyẹ. "Máa lọ jàre. Ó máa dákú l'Órù."

Bó bá jẹ́ Sátidé, kò ní tíì lọ. Á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, á fi obì kan lé Nathaniel lọ́wọ́. Á ti gé díẹ̀ jẹ lára ẹ̀.